Aago Tó Wọn Ẹ̀jẹ̀ Búrẹ́dì

Ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe àga àti garawa oníke ní òpópónà Ọba Akran, ní Ìkẹjà, èèyàn méjì péré ló ní ìjókòó tí ẹlòmíì kì í dédé jókòó sí. Ẹni àkọ́kọ́ ni ọ̀gá àgbà tó ni ilé-iṣẹ́ náà. Ẹnì kejì ni Reuben Akínfẹ́nwá, tó ń wa fọ́ọ̀kílífìtì.

Fọ́ọ̀kílífìtì ni ọkọ̀ kúkúrú yẹn tó ní irin gbọọrọ méjì níwájú, tó máa ń ti irin náà bọ abẹ́ ẹrù, á gbé e sókè, á sì lọ tò ó sínú tírélà. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Reuben ti ń wà á. Ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì ni, ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, ẹni jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tí kì í wá ìjà ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó dá a lójú pé lọ́jọ́ tí òun bá sọ̀ kalẹ̀ lórí ọkọ̀ yẹn, àga oníke ò ní dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́ láti Èkó títí dé Kánò, gbogbo Nàìjíríà á sì wà lórí ìdúró níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe ayẹyẹ.

Ohun tó wá fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá, kì í ṣe ọjọ́ orí. Ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ni.

Lọ́dọọdún, Nọ́ọ̀sì Jemimah, tó ń bójú tó yàrá ìtọ́jú kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, máa ń yẹ gbogbo awakọ̀ wò kó tó fọwọ́ sí ìwé wọn. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni Jemimah, kì í sì í pariwo. Bó bá fẹ́ sọ ohun tí kò dára, ńṣe ló máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bi èèyàn bóyá ó ti jẹun. Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kẹta, ó di ẹ̀rọ mọ́ apá Reuben, ó wò ó, ó tú u, ó tún un dì. Ìgbà tó fi máa rẹ ohùn sílẹ̀, Reuben ti mọ̀.

“Bàbá, 168 lórí 104 ni. Mi ò lè fọwọ́ sí i.”

Ó ṣàlàyé fún un pé òfin ilé-iṣẹ́ ò gba ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ju 140 lórí 90 lọ láyè lórí ọkọ̀ yẹn, nítorí bí òòyì bá kọ́ onítọ̀hún níbi tó ti gbé ẹrù sókè, orí ẹlòmíì ni ẹrù náà máa bọ́ sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fún Reuben. Kó máa lo oògùn kan ní àràárọ̀, kó dín iyọ̀ kù, kó sì máa rìn, ó kéré tán ẹgbẹ̀rún méje ìṣísẹ̀ lójúmọ́. Títí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà á fi pé, òwúrọ̀ nìkan ni òfin náà yọ̀ǹda fún un láti wa ọkọ̀, nígbà tí oòrùn ò tíì mú. Job ni yóò máa wà á lọ́sàn-án.

Reuben ní ìrìn kọ́ ni ìṣòro òun, àtàárọ̀ lòun ń lọ káàkiri ọgbà.

“Ọkọ̀ ló ń lọ káàkiri, Bàbá,” ni Jemimah wí. “Ẹ̀yin jókòó.”

Nígbà tí Reuben bi í pé báwo lòun ṣe fẹ́ máa ka ẹgbẹ̀rún méje lẹ́nu láìṣì í kà, ó ní kó lọ ra aago ọwọ́ tó ń ka ìṣísẹ̀. Kò pọn dandan kó jẹ́ èyí tó wọ́n.

Ó yẹ ká sọ díẹ̀ nípa Job. Ọkùnrin tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún ni, ó wà lára àwọn tó ń kó páálí, Reuben fúnra rẹ̀ ló sì kọ́ ọ ní wíwà fọ́ọ̀kílífìtì. Láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru yìí ti ta sí Job létí ni ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀ ti ń jinlẹ̀ sí i. Àràárọ̀ ló ń bi Reuben pé ṣé ọ̀gá sùn dáadáa, ṣé orí ò fọ́ ọ̀gá, ṣé kò rẹ ọ̀gá. Reuben wá àléébù nínú ìkíni náà títí, kò rí i. Ohun tó ń bí i nínú gan-an nìyẹn.

Ní ọjọ́ Sátidé, Reuben lọ sí ọjà Computer Village ní Ìkẹjà. Kó tó wọlé tán, wọ́n ti bi í ní ìgbà mẹ́jọ bóyá ó fẹ́ ra fóònù, wọ́n sì bi í lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó fẹ́ ta tirẹ̀. Ọ̀dọ̀ Síkírù tó ń ta aago ló yà sí, nítorí Síkírù nìkan ni kò fà á láṣọ. Ọkùnrin pẹ̀lẹ́tù kan ni, ó jókòó sẹ́yìn àpótí gíláàsì tí aago tò sínú rẹ̀ pìtìmù, ó ń jẹ ẹ̀pà.

Síkírù kó aago mẹ́ta jáde. Èyí àkọ́kọ́, nígbà tí Reuben gbọ́ iye rẹ̀, ó rọra gbé e padà sílẹ̀ bí ẹni tó gbé ọmọ ọlọ́mọ. Èkejì rí pẹlẹbẹ, ó dúdú, kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ. Ẹgbẹ̀rún méjìdínlọ́gbọ̀n náírà ni. Ó ń ka ìṣísẹ̀, ó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù, ó sì mọ ìgbà téèyàn sùn. Ó parí.

Ẹ̀kẹta wá ni aago. Ó tóbi bí ìdérí ìgò ọ̀rá ìpara, etí rẹ̀ ń dán bíi góòlù. Ó ń ka ìṣísẹ̀, ó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ń wọn ṣúgà, ó ń wọn ibà, ó mọ ibi tí òjò ti ń bọ̀, ó mọ ìhà àríwá, ó ń gbé ìpè fóònù, ó sì ń sọ bóyá inú ẹni tó wọ̀ ọ́ dùn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún péré ni.

Reuben bi Síkírù bóyá ó ti ṣi iye wọn lẹ̀ ni. Èyí tó mọ nǹkan mẹ́ta ló gbówó lórí ju èyí tó mọ nǹkan mẹ́jọ lọ.

“Rárá o, Alàgbà. Èyí kékeré yìí, ohun tó bá sọ, ẹ lè gbà á gbọ́.”

“Èyí ńlá ńkọ́?”

Síkírù da ẹ̀pà sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ tán.

“Èyí ńlá? Àwọn èèyàn ń rà á.”

Ẹlòmíì ìbá gbọ́ ohun tó wà nínú ìdáhùn yẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ni Reuben gbọ́. Aago tó lè jẹ́ kóun rí ẹ̀jẹ̀ òun kí Nọ́ọ̀sì Jemimah tó rí i ló ń wá, bí ẹni tó fẹ́ mọ èsì ìdánwò kí tíṣà tó pè é. Ó fi aago ńlá náà sọ́wọ́. Iná aláwọ̀ ewé tàn lábẹ́ rẹ̀, ó ronú díẹ̀, ó gbọ̀n, ó sì kọ ọ́ síta: 121 lórí 79.

Láti Ọjọ́bọ̀ sí Sátidé, láìrìn, láìgbààwẹ̀, ẹ̀jẹ̀ Reuben ti wálẹ̀ láti 168 sí 121. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó wá gbà pé atẹ́gùn ibẹ̀ ló bá òun lára mu. Ó sanwó.

Ní ọjọ́ Ajé, kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán, aago náà ti ka ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ìṣísẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ọgbà yẹn á mọ ìdí rẹ̀. Kọnkéré ilẹ̀ ti fọ́ káàkiri, fọ́ọ̀kílífìtì ò sì ní sípíríǹgì kankan, ìmìtìtì tí kò dáwọ́ dúró ló máa ń gbọn ẹni tó bá ń wà á, láti àtàǹpàkò ẹsẹ̀ títí dé eyín. Gbogbo ìgbọ̀njìgbọ̀njì yẹn ni aago ń kà sí ìrìn. Reuben ò béèrè. Ó ní òun ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe ìjókòó, wọn ò gbọ́.

Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? 118 lórí 76 ní òwúrọ̀. 119 lórí 77 lọ́sàn-án. 118 lórí 76 ní alẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, Reuben wo káàdì oògùn rẹ̀, ó rí i pé ìwà àìnítẹ̀ẹ́lọ́rùn ni kéèyàn tí ara rẹ̀ le tó báyìí tún máa gbé oògùn mì. Ó ti káàdì náà sí abẹ́ Bíbélì. Iyọ̀ náà padà sínú ọbẹ̀, láìpariwo, bí ẹni tó ti ìrìn àjò dé. Nígbà tí Job tún bi í bóyá ó sùn dáadáa, ó na ọwọ́ síwájú kí Job fúnra rẹ̀ kà á.

“Ẹ kú oríire o, ọ̀gá,” ni Job wí. Ó wo aago náà pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹni tí kò bá Reuben yọ̀ ni ìyàwó rẹ̀, Jọkẹ́. Tíṣà ni Jọkẹ́, ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Agége, ọdún kejìlélógún sì rèé tí àwọn ọmọdé ti ń sọ fún un pé àwọn ṣe iṣẹ́ àmúrelé, ilé làwọn gbàgbé ìwé sí. Kì í bá wọn jiyàn. Ó kàn máa ń wò wọ́n ni. Báyìí ló ṣe ń wo aago. Ó rí i pé bí ọkọ òun bá gun àtẹ̀gùn ilé wọn ní Orílé-Agége, ó máa ń dúró ní ìdajì láti wo ògiri tí kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Ó rí i pé ó ń di ẹ̀yìn ọrùn mú ní alẹ́. Nígbà tí Reuben sì bá onílé jà fún odindi ìṣẹ́jú ogójì nítorí ẹ̀rọ tó ń fa omi, tí iṣan yọ níwájú orí rẹ̀ bí okùn, Jọkẹ́ yọjú wo ọwọ́ rẹ̀. 117 lórí 76. Aago náà sì ní inú rẹ̀ ń dùn.

Nígbà tó di Sátidé tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, wọ́n jókòó láti jẹun àárọ̀. Ẹ̀wà wà nílẹ̀, búrẹ́dì Agége tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ààrò jáde sì wà lórí àwo. Reuben ti fẹ́ bù ú nígbà tí Jọkẹ́ ní kó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ fóun. Ó bọ́ ọ. Jọkẹ́ fa okùn aago náà gùn dé ihò tó kẹ́yìn, ó sì dì í mọ́ búrẹ́dì náà ní ìdí, níbi tó ti tín-ín-rín.

“Kí lò ń ṣe yẹn, Ìyá Bùsọ́lá?”

“Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ara rẹ̀ yá, ká tó jẹ ẹ́.”

Iná aláwọ̀ ewé tàn. Aago náà ronú díẹ̀, ó gbọ̀n, ó sì kọ ọ́ síta: 116 lórí 75. Ọkàn búrẹ́dì náà ń lù ní ìgbà méjìléláàádọ́rin ní ìṣẹ́jú kan. Inú rẹ̀ sì ń dùn.

Tọkọtaya náà jókòó, wọ́n ń wo búrẹ́dì. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Reuben bọ́ aago náà lára rẹ̀, ó dì í mọ́ ìgò òróró. 119 lórí 78. Ó dì í mọ́ sálúbàtà rẹ̀. 118 lórí 76, bíi tirẹ̀ gẹ́lẹ́.

“Ìgbà wo lẹ lo oògùn yín kẹ́yìn, Dádì Bùsọ́lá?”

Ojú Reuben yà síbi tí Bíbélì wà. Jọkẹ́ dìde, ó lọ gbé Bíbélì, ó mú káàdì oògùn jáde lábẹ́ rẹ̀. Méje ló ti tán nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jẹ́ ọjọ́ mọ́kànlélógún, ìṣírò yẹn ò sì le fún tíṣà. Ó gbé omi ka iwájú rẹ̀, ó yọ oògùn kan sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì dúró tì í títí ó fi gbé e mì. Lẹ́yìn náà ló ní kó wọ bàtà, kí wọ́n lọ sí ilé oògùn tó wà ní orígun àdúgbò. Ẹ̀rọ tí wọ́n dì mọ́ apá rẹ̀ níbẹ̀ ò ronú pẹ́. 172 lórí 106.

Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ nílé, Reuben ń ṣírò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti lọ. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sókè ju ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí Job jókòó sórí ọkọ̀ yẹn láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Jọkẹ́ ní kó lọ jẹ́wọ́ fún Nọ́ọ̀sì Jemimah lọ́jọ́ Ajé. Reuben gbà. Ṣùgbọ́n ó rọrùn fún èèyàn láti kọ́kọ́ lọ bá ẹni tó lè pariwo mọ́ ju ẹni tó máa rẹ ohùn sílẹ̀ lọ. Ó fi búrẹ́dì náà sínú ọ̀rá, ó sì gba Ìkẹjà lọ.

Síkírù dá a mọ̀. Nígbà tí Reuben gbé búrẹ́dì ka orí àpótí gíláàsì tó sì di aago mọ́ ọn, Síkírù náà dúró, ó ń wo iná aláwọ̀ ewé. Àwọn méjì tó ń na ọjà fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn náà sún mọ́ ọn. 119 lórí 77.

Ọ̀kan nínú wọn ní ó hàn pé búrẹ́dì yìí máa ń sáré láàárọ̀.

Reuben sọ gbogbo rẹ̀, oògùn tó pa tì, ọjọ́ tó ti lọ, àti iṣẹ́ tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn ló bá wá. Síkírù tú aago náà kúrò lára búrẹ́dì, ó gbọn èérún rẹ̀ nù.

“Alàgbà, mo ní àwọn èèyàn ń rà á. Mi ò sọ pé wọ́n ń padà wá dúpẹ́.” Ó gbé àga kan fún un. “Kò sí aago olówó pọ́ọ́kú kankan nínú gbogbo ọjà yìí tó mọ ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ fìyẹn sílẹ̀ fún èyí tí wọ́n ń dì mọ́ apá. Kí lẹ fẹ́ kí aago bá yín ṣe, ní tòótọ́?”

“Kó ka ẹsẹ̀ mi.”

“Kí ló tún kù?”

Reuben ronú. Òjò, kò wúlò fún un, ojú ọ̀run wà níta. Ìhà àríwá, kò tíì sọnù ní Agége rí. “Kò sí mọ́,” ló wí.

Síkírù gbé aago dúdú pẹlẹbẹ náà jáde. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sọ ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ní kí Reuben gbé e síta nínú oòrùn, kó wò ó bóyá ó lè ka ohun tó wà lójú rẹ̀ láìṣẹ́jú. Ó lè kà á. Ó ní kó gbé fóònù rẹ̀ wá, èyí tí ojú rẹ̀ ti sán, ká mọ̀ bóyá àwọn méjèèjì á gbọ́ ara wọn yé. Wọ́n gbọ́ra yé. Ó fi hàn án bí okùn rẹ̀ ṣe ń yọ, kó lè ra òmíì bó bá já, ó sì ní bátìrì rẹ̀ lè lo ọ̀sẹ̀ kan àti díẹ̀, nítorí aago tó bá ń fẹ́ iná lójoojúmọ́ ní Agége, ojoojúmọ́ ló máa wà nílé. Lẹ́yìn náà ló ní kí Reuben rìn dé òpin ìlà àwọn ṣọ́ọ̀bù, kó fi ẹnu ka ọgọ́rùn-ún, kó sì padà wá.

Reuben rìn. Ó kà á bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, àwọn ọlọ́jà ń wò ó. Nígbà tó dé, mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ni aago kọ.

“Ó jí mẹ́ta mi,” ni Reuben wí.

“Ó dára bó ṣe jí i. Èyí tó bá ń fi kún un ni kẹ́ ẹ sá fún.”

Síkírù gba aago ńlá náà padà, Reuben sì fi ìyókù owó lé e. Kó tó kúrò níbẹ̀, Síkírù ti fi aṣọ nu aago ńlá náà, ó ti dá a padà sínú gíláàsì, obìnrin kan sì ti ń béèrè iye rẹ̀. Àánú obìnrin náà ṣe Reuben. Ó rọra sọ fún un pé kó kọ́kọ́ fi wọ búrẹ́dì wò. Obìnrin náà di báàgì rẹ̀ mú, ó sì sún mọ́ Síkírù.

Lọ́jọ́ Ajé, Jemimah gbọ́ gbogbo ẹjọ́ rẹ̀ láìdá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tó parí, ó bi í bóyá ó ti lo ti òwúrọ̀ yẹn. Ó ní òun ti lò ó. Reuben wá bi í, pẹ̀lú ìtìjú, bóyá ó lè fi ọ̀sẹ̀ méjì kún un fóun.

“Mi ò lè fi kún un, Bàbá,” ló wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Reuben fi ní láti tẹ̀ síwájú kó tó gbọ́. “Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fún ẹni tó bá lò ó. Ẹ máa bọ́ aago yẹn kẹ́ ẹ tó gun ọkọ̀.”

Lọ́jọ́ kìíní, Reuben bọ́ ọ fún Job kó bá òun tọ́jú rẹ̀. Job kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó fi í sápò, ó ń kó páálí lọ, ó ń kó o bọ̀, nígbà tó sì di ọ̀sán, ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ìṣísẹ̀ ló dá padà fún ọ̀gá rẹ̀. Ó ní bí ọ̀gá bá fẹ́, òun lè máa bá wọn rìn ín díẹ̀díẹ̀ báyìí. Láti ọjọ́ kejì, orí ìṣó kan ní yàrá ìtọ́jú ni aago náà ń wà bí Reuben bá wà lórí ọkọ̀.

Ìrìn tó kù, tirẹ̀ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ní ibùdókọ̀ méjì ṣáájú ilé-iṣẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á yọrí lójú fèrèsé, wọ́n á máa dágbére fún un bí ẹni tó ń lọ sí ìlú òyìnbó, wọ́n á ní kó kí àwọn ará ibẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, kò tó ẹgbẹ̀rún méjì tó fi dúró ti ògiri ilé-iṣẹ́ ẹlòmíì, tí ọlọ́dẹ ibẹ̀ sì bi í ẹni tó ń wá. Aago dúdú náà ò yìn ín. Ohun tó bá rìn ló ń kọ. Bó bá di ìrọ̀lẹ́ tí iye náà ò tíì pé, á lọ máa yí pápá ilé-ẹ̀kọ́ Jọkẹ́ ká títí yóò fi pé. Lọ́jọ́ Àìkú, ní ìjọ Aládùúrà tí wọ́n ń lọ, ó jó lọ síwájú fún ìdúpẹ́ ẹgbẹ́ tirẹ̀, ó jó fún ti ẹgbẹ́ àwọn ìyá, ó tún jó fún ìdílé kan tí kò mọ̀ rí tí wọ́n ń dúpẹ́ pé wọ́n kó dé ilé tuntun. Ìdílé náà wá dì mọ́ ọn lẹ́yìn ìsìn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ ni aago kọ.

Jọkẹ́ ló ń mójú tó oògùn. Ó fa ìlà sínú ìwé kan, ó kọ ọjọ́ sí i, àràárọ̀ tí Reuben bá sì ti gbé e mì lójú rẹ̀ ló ń fi bírò pupa mààkì rẹ̀. Iyọ̀ tún rìnrìn àjò. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, Reuben gun àtẹ̀gùn ilé wọn dé òkè láìwo ògiri. Jọkẹ́ rí i. Ẹran méjì ló fi sínú ọbẹ̀ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ọjọ́ ìdánwò pé, Ọjọ́bọ̀, aago méjì ọ̀sán. Reuben ti ń rìn lọ sí yàrá ìtọ́jú jẹ́jẹ́ nígbà tó rí tírélà ńlá kan tó wọlé láti gba àga, tó sì rí Job tó ń gun fọ́ọ̀kílífìtì. Kò mọ ìgbà tóun ń yára. Ó jókòó níwájú Jemimah, ó na apá, ẹ̀rọ fún un pọ̀.

Ohùn Jemimah lọ sílẹ̀. “146 lórí 91.”

Reuben wo ilẹ̀.

“Ṣé ẹ sáré wá ni?”

Ó ní òun kàn rìn kíákíá ni. Jemimah tú ẹ̀rọ náà, ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú, ó gbé e sórí tábìlì, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀. Ó ní kó fẹ̀yìn ti àga, kó fẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀, kó má sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, lẹ́yìn náà àwọn á tún un wọ̀n. Ó ní ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí lòun máa kọ sílẹ̀, ohun tó bá sọ labẹ gé.

Kò sí ohun tí Reuben lè ṣe ju kó máa gbọ́ lọ. Ohun tó sì ń gbọ́ ni fọ́ọ̀kílífìtì. Ó gbọ́ bí Job ṣe ń fẹ̀yìn rìn, pín-ín, pín-ín, pín-ín, lọ sí ibi kọ̀rọ̀ tóóró ẹ̀gbẹ́ sítọ́ọ̀, níbi tí àwọn awakọ̀ mẹ́ta ti ha ọkọ̀ mọ́ ògiri rí. Ó fetí sílẹ̀ kó gbọ́ irin tó máa gbá ògiri. Ó ń retí rẹ̀ gan-an, ká má purọ́. Kò gbọ́ ọ. Job dín iná kù, ó dúró díẹ̀, ó yí kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì bọ́ síta láìfara kan nǹkan kan, bí Reuben ṣe kọ́ ọ gẹ́lẹ́ ní ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà tó ń pè é ní orí kunkun. Ó gbọ́ tí ẹrù dúró sínú tírélà, pẹ̀lẹ́, láìró. Kò sí àga tó máa fọ́ lónìí. Àwọn tó ń dúró de àga ní Kánò á rí i gbà, ì báà ṣe Reuben ló gbé e, ì báà má ṣe òun.

Ohun tí kò retí ni pé ìyẹn ò dùn ún tó bó ṣe rò. Èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó mí.

Jemimah di ẹ̀rọ náà mọ́ ọn. Ó fún un pọ̀, ó wò ó, ó tú u. Ó fa ìwé kan sọ́dọ̀, ó ń kọ nǹkan sínú rẹ̀, Reuben sì ń wo ṣóńṣó bírò bí ẹni tó lè fojú tì í síbi tó wù ú.

“138 lórí 86,” ló wí, ohùn rẹ̀ ò sì lọ sílẹ̀. “Oṣù mẹ́ta ni mo fọwọ́ sí, kì í ṣe ọdún kan. Oògùn náà ń tẹ̀ síwájú, ìrìn náà ń tẹ̀ síwájú. Bó bá di oṣù Keje, ẹ̀yin náà á tún wá jókòó síbí.”

“Tó bá jẹ́ pé 141 ni ńkọ́?” Reuben bi í.

“Ẹ̀ bá lọ máa ka páálí nínú sítọ́ọ̀.”

Ó dúpẹ́, ó gba ìwé, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi sápò àyà. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí Jemimah tó pè é padà, tó sì fi aago rẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Níta, Job rí i lókèèrè. Ó wo ojú rẹ̀, ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì pa iná ọkọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ sẹ́yìn.

“Ẹ kú oríire, ọ̀gá. Ó ku bí ìdì mẹ́wàá nílẹ̀.”

Reuben wo tírélà, ó wo ìdì àga mẹ́wàá náà bí wọ́n ṣe tò lórí ara wọn. Ó di aago mọ́ ọwọ́, ó wò ó. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún àti díẹ̀.

“Parí wọn,” ló wí. “Ọ̀sán ṣì ni, ọ̀sán sì ni tìẹ. Èmi ṣì jẹ ẹgbẹ̀rún méjì ìṣísẹ̀.”

Job dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ ṣẹ́ kọ́nà. Nígbà tí kò rí i, ó padà gun ọkọ̀. Reuben bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọgbà ká, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ ògiri níbi tí òjìji wà. Ní ìyípo kìíní, ó ké sí Job pé kó gbé irin náà sókè díẹ̀ sí i. Ní ìyípo kejì, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó fi máa yí i ká nígbà kẹta, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn tírélà, awakọ̀ rẹ̀ sì ti ń wá ìwé tó máa fi jáde ní géètì.